Arúnfọ́ àti Pánkóró: Ìtàn Irúgbìn Ọ̀pẹ

Igi kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ètò wa ti òní. Igi ọ̀pẹ ni. Kì í ṣe oríkì rẹ̀ ni mo fẹ́ kì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí a ti ń fún epo ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ìtàn òdòdó rẹ̀, èso rẹ̀ àti irúgbìn rẹ̀ ni mo fẹ́ pa. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn, ìdáhùn mi ni pé orúkọ méjì ni ó mú mi débẹ̀, ìyẹn arúnfọ́ àti pánkóró. Ìjà kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé wa ni kò sì jẹ́ kí n gbàgbé orúkọ méjèèjì náà.

Àgbẹ̀ ni bàbá tí ó bí bàbá mi. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ọ̀pẹ arúnfọ́ kan wà ní etí odò oko rẹ̀. Kò sí akọ̀pẹ tí kò mọ ọ̀pẹ náà, nítorí pé ẹyìn rẹ̀ sanra, epo rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju ti gbogbo ọ̀pẹ àdúgbò lọ. Bàbá wa tọrọ èkùrọ́ igi yìí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ sì fi tọkàntọkàn fún un. Ó gbìn ín, ó tọ́jú rẹ̀, ogún ọ̀pẹ sì dàgbà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n so, tí a sì la ẹyìn wọn wò, mẹ́sàn-án péré ni ó jẹ́ arúnfọ́. Mọ́kànlá yòókù, pánkóró ni. Bàbá wa ní, "Ẹni bíni làá jọ." Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti fi èkùrọ́ igi mìíràn pààrọ̀ rẹ̀ fún òun. Ọ̀rẹ́ búra pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbúra kò mú ọ̀rọ̀ náà tán. Títí ọlọ́jọ́ fi dé bá àwọn méjèèjì, wọn kò jọ mu ẹmu nínú igbá kan náà mọ́.

Ta ni ó jẹ̀bi? Kí a tó lè dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú ẹyìn, kí a sì mọ ọ̀nà tí ẹyìn gbà débẹ̀.

Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ la ẹyìn kan sí méjì, ohun mẹ́ta ni ẹ óò rí. Èkíní ni ẹran ara rẹ̀ tí ó pọ́n, inú rẹ̀ ni epo pupa ti ń jáde, ìhá sì ni ó kù lẹ́yìn tí a bá ti fún un tán. Èkejì ni èèpo líle tí ó bo ọmọ èkùrọ́. Ẹ̀kẹta ni ọmọ èkùrọ́ fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi ṣe àdín. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín pánkóró àti arúnfọ́ kò sí lára ewé, kò sì sí lára igi. Nínú èèpo líle yìí ni ó wà. Èèpo èkùrọ́ pánkóró nípọn, òkúta ni a fi ń fọ́ ọ. Ti arúnfọ́ fẹ́lẹ́, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí a lè rún kí ó fọ́ ni. Níwọ̀n ìgbà tí èèpo kò ti gba àyè púpọ̀ nínú arúnfọ́, ẹran ara ẹyìn a gba àyè náà, epo a sì pọ̀ sí i. Ẹ kíyè sí i pé àwọn baba wa kò fi gíga igi tàbí àwọ̀ ewé sọ àwọn ọ̀pẹ méjèèjì yìí ní orúkọ. Ohun tí ó wà nínú èso ni wọ́n wò.

Àwọn onímọ̀ nípa ewéko náà pín ọ̀pẹ báyìí gẹ́lẹ́. Wọ́n pe èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn ní dura, wọ́n sì pe èyí tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ ní tenera. Wọ́n tún rí ẹ̀kẹta tí wọ́n pè ní pisifera. Èyí kò ní èèpo líle rárá, ṣùgbọ́n ó ní àléébù ńlá kan: lọ́pọ̀ ìgbà, ìdì rẹ̀ máa ń rà kí ó tó gbó. Òdòdó rẹ̀ a yọ, àgbẹ̀ a máa retí ẹyìn, ẹyìn kò sì ní dé.

Òdòdó ọ̀pẹ pàápàá yẹ fún àkíyèsí. Orí igi kan náà ni akọ òdòdó àti abo òdòdó ti ń yọ, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà yọ pọ̀ ní àkókò kan náà. Ọ̀pẹ a máa yọ akọ òdòdó fún ìgbà kan, a sì máa yọ abo òdòdó fún ìgbà mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí abo òdòdó igi kan bá là, lẹ́búlẹ́bú akọ òdòdó tí yóò sọ ọ́ di èso, ara igi mìíràn ni yóò ti wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ẹjọ́ bàbá wa yóò dúró lé.

Nínú abo òdòdó kọ̀ọ̀kan, yàrá mẹ́ta ni ó wà tí irúgbìn lè gbé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó máa ń di ọmọ. Síbẹ̀, àmì yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò parẹ́, nítorí ojú mẹ́ta ni èkùrọ́ sábà máa ń ní. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa Ifá mọ̀ pé èkùrọ́ olójú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń ṣà fún ikin. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ka ojú èkùrọ́, tí ó sì mọ̀ pé mẹ́rin kò wọ́pọ̀, ó ti ka ìtàn òdòdó lára èso, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tíntìnnìntín.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìtàn. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àti àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ilé ọ̀pẹ, láti Senegal títí dé Àǹgólà. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. Adebisi Sowunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí lẹ́búlẹ́bú òdòdó àtijọ́ tí ó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní agbègbè ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun. Ó rí i pé ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn, lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì. Ó ka èyí sí àmì pé àwọn ènìyàn ti ń ṣán igbó dáko, nítorí pé ọ̀pẹ fẹ́ràn oòrùn, kì í sì í ṣe dáadáa lábẹ́ òjìji igbó kìjikìji. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní ọ̀dá tí ó mú kí igbó fà sẹ́yìn nígbà náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà sọ ọ̀pẹ di tiwọn ṣe kedere. Bí wọ́n bá ṣán oko, wọn kì í gé ọ̀pẹ. Wọ́n dá a sí, wọ́n sì kọ ẹyìn rẹ̀. Èkùrọ́ tí ó bọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé sì hù. Kì í ṣe pé wọ́n gbìn ín ní ìlà bí iṣu. Wọ́n ń bá a gbé ni.

Láti ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pẹ ti bá àwọn ọkọ̀ òwò ẹrú kọjá òkun. Nígbà tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Jacquin fún igi yìí ní orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, Elaeis guineensis, ní ọdún 1763, erékùṣù Martinique ni ó ti rí èyí tí ó yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n guineensis tí ó fi kún orúkọ náà jẹ́wọ́ pé etí òkun Guinea ni ilé rẹ̀. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, epo rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń dín acarajé, èyí tí àwa ń pè ní àkàrà. Dendê ni wọ́n ń pe epo náà níbẹ̀, láti inú èdè Kimbundu ti Àǹgólà. Èyí fi hàn pé ọmọ àárín Áfíríkà àti ọmọ ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ni wọ́n jọ gbé ìmọ̀ ọ̀pẹ dé ibẹ̀.

Ìrìn àjò tí ó yí ìtàn padà jù lọ ni ti ọdún 1848. Ní ọdún náà, àwọn ará Hóláǹdì gbin ọ̀dọ́ ọ̀pẹ mẹ́rin péré sí ọgbà ewéko ìlú Bogor, ní erékùṣù Java. Méjì wá láti ọgbà ewéko ìlú Amsterdam, méjì sì wá láti erékùṣù inú òkun India. Àwọn ọmọ mẹ́rin yìí ni wọ́n kó lọ sí agbègbè Deli ní Sumatra, pánkóró sì ni wọ́n. Ní ọdún 1911 ni oko ọ̀pẹ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ ní Sumatra, ti ilẹ̀ tí à ń pè ní Malaysia lónìí sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1917. Pánkóró ilẹ̀ Deli yìí sanra, ó sì dára, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ nípọn síbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Kóńgò, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù nígbà náà, tenera ni àwọn olùwádìí yàn láti gbìn. Wọ́n ro ohun tí bàbá wa rò gẹ́lẹ́. Bí arúnfọ́ bá dára, ẹ jẹ́ kí a fi lẹ́búlẹ́bú arúnfọ́ sí òdòdó arúnfọ́, kí gbogbo ọmọ lè jẹ́ arúnfọ́. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Nínú ọmọ mẹ́rin, méjì jẹ́ arúnfọ́, ọ̀kan jẹ́ pánkóró, ọ̀kan sì jẹ́ pisifera tí kò lè so. Bí wọ́n ti ń gbìn ín tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdá mẹ́rin oko ń di èyí tí kò mú èso wá. Ní ọdún 1941 ni àwọn olùwádìí méjì, Beirnaert àti Vanderweyen, tẹ àlàyé ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lára gbogbo ohun abẹ̀mí ni jíìnì wà, òun ni ohun tíntìnnìntín tí ń gbé àbùdá òbí lọ sára ọmọ. Méjìméjì ni ọ̀pẹ ní in. Ọ̀kan ti ara ìyá wá, ìkejì ti ara bàbá wá. Gregor Mendel ti fi ẹ̀wà pea ṣàlàyé ìlànà yìí láti ọdún 1866, ṣùgbọ́n ayé kò kà á sí títí di ọdún 1900. Jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń pàṣẹ bóyá èèpo èkùrọ́ yóò nípọn. Ọ̀pẹ tí ó gba ti èèpo nínípọn lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ni pánkóró. Èyí tí ó gba ti àìléèpo lọ́dọ̀ òbí méjèèjì ni pisifera. Arúnfọ́ ni ó gba ọ̀kan níhìn-ín, tí ó sì gba ọ̀kan lọ́hùn-ún. Nítorí náà, arúnfọ́ kì í ṣe ẹ̀yà kan tí ó dá dúró. Ọmọ àárín méjì ni, kò sì sí bí ó ti lè fi ara rẹ̀ jìn fún gbogbo ọmọ rẹ̀ bí ó ti rí, nítorí pé ìdajì ohun tí ó ní ni ó lè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ kí gbogbo oko òun jẹ́ arúnfọ́, kì í ṣe arúnfọ́ ni yóò fi ṣe òbí. Pánkóró ni yóò fi ṣe ìyá, pisifera ni yóò sì fi ṣe bàbá, nítorí pé pisifera tí kò lè so ní akọ òdòdó tí ó wúlò. Igi tí àgbẹ̀ ìbá fi ìbínú gé lulẹ̀ pé ó yàgàn, òun gan-an ni bàbá ọ̀pẹ tí ó dára jù lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹjọ́ wa. Ọ̀pẹ arúnfọ́ tí ó wà ní etí odò ni ìyá àwọn èkùrọ́ tí bàbá wa gbà. Ta ni bàbá wọn? Pánkóró ni ó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ tí ń dá hù ní ilẹ̀ wa, arúnfọ́ kò tó nǹkan láàárín wọn. Lẹ́búlẹ́bú pánkóró ni ó yí igi náà ká. Bí arúnfọ́ bá gba lẹ́búlẹ́bú pánkóró, ìdajì ọmọ yóò jẹ́ pánkóró, ìdajì yóò jẹ́ arúnfọ́. Nínú ogún, a retí mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Bàbá wa rí mọ́kànlá sí mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tí ó pààrọ̀ èkùrọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ òtítọ́. Òwe tí bàbá wa pa kò sì purọ́ pẹ̀lú, òbí kan ṣoṣo ni ó kà, ó gbàgbé èkejì. Ọ̀pẹ mọ́kànlá náà jọ bàbá wọn.

Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n ti tẹ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1941, ọ̀pọ̀ ọdún kí bàbá wa tó gbin ogún ọ̀pẹ rẹ̀. Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Kò dé oko ni, kò sì sí ní èdè tí àgbẹ̀ gbọ́. Ìjọba ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ nítòsí ìlú Benin láti ọdún 1939. Ibùdó yìí di ti gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní nǹkan bí ọdún 1951, ó sì di ti Nàìjíríà nìkan ní ọdún 1964, òun ni a mọ̀ sí NIFOR títí di òní. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ ju pé kí wọ́n ṣa èkùrọ́ lábẹ́ igi tí ó bá so dáadáa.

Ní àkókò yẹn náà ni ọ̀nà yà. Nàìjíríà ni ó ń ta epo pupa sí òkè òkun jù lọ láyé títí di àárín àwọn ọdún 1960. Ní ọdún 1966, Malaysia gba ipò náà. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, tí ó sì parí ní ọdún 1970, dá kún ìṣòro wa, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Àwọn ará Malaysia ti fi pisifera láti Áfíríkà gun pánkóró Deli, wọ́n sì ń gbin ọmọ wọn, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tenera, tí epo rẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ju ti pánkóró lọ. Ohun kan ni ó ṣẹ́kù fún wọn. Abo òdòdó ọ̀pẹ kì í gba lẹ́búlẹ́bú tó níbẹ̀, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bù ú sí i lójú igi. Onímọ̀ nípa kòkòrò kan, Syed, ni ó ṣe ìwádìí ní Kamẹrúùnù, ó sì rí i pé kòkòrò kékeré kan, Elaeidobius kamerunicus, ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú náà kiri ní ilẹ̀ tiwa, kì í ṣe atẹ́gùn nìkan bí a ti rò. Ní ọdún 1981, wọ́n tú kòkòrò yìí sílẹ̀ nínú oko Malaysia, iṣẹ́ ọwọ́ náà sì dópin. Ọ̀pẹ lọ sí Éṣíà ní ọdún 1848. Ó gbà tó 133 ọdún kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá a níbẹ̀.

Ìtàn náà kò tíì tán. Ní ọdún 1973, àwọn olùwádìí Malaysia wá sí Nàìjíríà, wọ́n sì bá NIFOR ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ṣa irúgbìn ọ̀pẹ jọ káàkiri inú igbó wa. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí Malaysia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kéde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature pé àwọn ti rí jíìnì tí ń pàṣẹ èèpo èkùrọ́. SHELL ni wọ́n pè é. Ẹbí rẹ̀ kan wà nínú ewéko kékeré kan tí ń jẹ́ Arabidopsis, níbi tí ó ti ń darí bí irúgbìn yóò ti bẹ̀rẹ̀ nínú òdòdó. Iṣẹ́ inú òdòdó yìí kan náà ni ó yọrí sí èèpo líle nínú ẹyìn. Ìyípadà tíntìnnìntín ni ó sì ba iṣẹ́ jíìnì náà jẹ́ tí èèpo fi sọnù. Oríṣi ìyípadà méjì ni wọ́n rí: ọ̀kan nínú ìdílé ọ̀pẹ tí ó ti Kóńgò wá, ìkejì nínú ọ̀pẹ tí ó ti Nàìjíríà wá. Nítorí náà, arúnfọ́ kò ti orísun kan ṣoṣo wá. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú igbó Áfíríkà, irúgbìn tí ó sì ti ilẹ̀ wa lọ wà lára ohun tí a fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, n kò sọ ìtàn yìí kí a lè máa dárò pé wọ́n gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ wa. Irúgbìn máa ń rìn. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ náà, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá bá wa. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ ni pé àwọn baba wa ti rí ìyàtọ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní orúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò lè sọ ohun tí yóò hù lọ́la fún àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ọ̀pẹ lónìí, kí ó má ṣe ṣa èkùrọ́ lábẹ́ igi, bí ó ti wù kí igi náà dára tó. Kí ó béèrè irúgbìn tí a mọ ìyá rẹ̀, tí a sì mọ bàbá rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi àpò bo abo òdòdó rẹ̀ kí lẹ́búlẹ́bú àjèjì má bàa wọlé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ra ẹyìn díẹ̀ lọ́jà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ là á, kí wọ́n wọn èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì ka ojú èkùrọ́. Ẹ kọ́ wọn ní orúkọ méjèèjì, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ kún un.

Nígbà tí mo ṣe ìṣirò mọ́kànlá sí mẹ́sàn-án yìí tán, mo lọ sí ilé ọ̀rẹ́ bàbá wa. Bàbá náà ti kú tipẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni mo bá, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún un bí mo ti ṣàlàyé fún yín. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bàbá wa mọ̀ pé àwọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ohun tí àwọn yóò fi dá ọ̀rẹ́ wọn lóhùn." Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n gbé ẹmu wá.